Omi Tí Màmá Mi Fi Pa Mọ́ Fún Àlejò

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe ọ́, tàbí ìwọ tí ọmọ rẹ wà ní wọ́ọ̀dù tó o jókòó tì í, ìwọ ni mo ń kọ èyí sí. Èmi kì í ṣe dókítà. Aránṣọ ni mí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọ̀nà tó lọ sí ọgbà yunifásítì. Àmọ́ mo ti dùbúlẹ̀ síbi tó o dùbúlẹ̀ sí yẹn rí, mo dìde, mo sì fẹ́ kí ìwọ náà dìde.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti omi, torí ọ̀rọ̀ omi ni. Ìlú wa kéré, láàárín Ìkọ̀lé àti Ìrèlé ló wà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn ará ilé mi ṣì ń gbé ibẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí wọ́n máa gbé orúkọ wọn kiri. Nígbà tí mo wà ní kékeré, omi ẹ̀rọ ń yọ ládùúgbò wa. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé wa ni ẹ̀rọ náà wà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ gbogbo wa sì ti fọ idẹ orí rẹ̀ títí ó fi ń dán. Kí oòrùn tó jáde dáadáa la ti máa ń to korobá sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì dé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi òkúta di àyè rẹ̀ mú, ìjà á sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá fẹ́ dé, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ húkọ́, á tú afẹ́fẹ́ jáde, gbogbo àwa ọmọdé á sì fi igbe ta pé, "Ó ti ń bọ̀ o!" Omi náà mọ́ gaara. Ó tutù. Ó ní òórùn oògùn díẹ̀ tí imú mi ò tíì gbàgbé di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kò sí ẹni tó ń sè é. Omi odò là ń sè, omi odò là ń fi álọ́ọ̀mù sí. Ta ló máa se omi ìjọba? A kàn ń gbé ẹnu sábẹ́ rẹ̀ ni.

Lójú èmi ọmọdé nígbà yẹn, ìjọba jẹ́ bàbá àgbà kan tó ń gbé níbì kan tí mi ò mọ̀, tó máa ń rántí wa láràárọ̀. Ọkàn mi ṣì máa ń fà sí bàbá yẹn.

Màmá mi ní àmù méjì ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ọ̀kan fún omi odò tí a fi ń fọ nǹkan tí a sì fi ń dáná, ìkejì fún omi ẹ̀rọ. Àwo funfun ló máa ń fi bo ti omi ẹ̀rọ, kọ́ọ̀pù kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn sì wà lórí àwo náà. Bí àlejò bá ti wọlé, kó tó béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀ ló ti máa bu omi, á tẹ orúnkún díẹ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó lè jẹ́ àlùfáà ìjọ wa o, ó lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n rán wá yá ọlọ. Ìyá Ráfíù, aládùúgbò wa tó ń ta kẹrosíìnì, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹni tó bá í bọ̀ nulé Ìyá Fúnmi, omi á ti yó o kí oúnjẹ tó dé." Màmá á rẹ́rìn-ín, á tún bu omi fún òun náà. Èyí ni ohun tí màmá mi fi ń yangàn láyé. Kò ní góòlù, bàbá mi ò ní mọ́tò, ṣùgbọ́n omi tó mọ́ ń bẹ nílé rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń bù ú fún èèyàn.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn dákẹ́, torí kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó kọ́kọ́ di ìgbà dé ìgbà, ó di ìgbà òjò nìkan, nígbà tó yá, àwọn ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí ẹsẹ̀ rẹ̀. A padà sódò. Àmù omi ẹ̀rọ Màmá gbẹ, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀.

Nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ tí òṣèlú dé, wọ́n ní omi ń padà bọ̀. Mo ti wà ní Ìkọ̀lé nígbà yẹn, mò ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó sì ku díẹ̀ kí n ṣe ìparí iṣẹ́ mi, èyí tí a ń pè ní fìrídọ́ọ̀mù. Lópin ọ̀sẹ̀ kan tí mo wálé, wọ́n ti kun ẹ̀rọ abẹ́ máńgòrò ní búlúù, wọ́n ti ro gbogbo igbó ìdí táǹkì gíga tó wà lókè ìlú, wọ́n sì ti pa àtíbàbà sójú ọ̀nà. Wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ìwé láti àwọn ìlú tó yí wa ká wá láti kọrin. Ọkùnrin ìjọba kan tó wọ agbádá, èèyàn jẹ́jẹ́ lójú, fọwọ́ kan orí ẹ̀rọ, ó yí i. Ẹ̀rọ húkọ́, ó tú afẹ́fẹ́, omi sì jáde.

Màmá mi bú sẹ́kún. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn àgbà obìnrin ń fi omi náà bọ́jú, àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbé ẹnu sábẹ́ rẹ̀ bí àwa náà ṣe máa ń ṣe nígbà kan. Èmi tí mo ti dàgbà tó ẹni tí ń rán aṣọ ìyàwó, mo ká yẹ̀rì mi sókè, mo tẹ̀ sílẹ̀, mo mu ún títí inú mi fi kún.

Ohun kan ló ṣe mí bákan. Kò ní òórùn oògùn yẹn. Bí a ṣe ń gbé omi lọ sílé, mo sọ ọ́ fún Màmá.

Ó ní, "Oògùn tùgbà yẹn ló pọ̀ jù. Ùjọba náà ti kọ́gbọ́n."

Omi náà yọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó dáwọ́ dúró. Wọ́n ní nǹkan kan bàjẹ́, wọ́n ní kí a ní sùúrù. Àmọ́ Màmá ti pọn tirẹ̀ kún àmù dé ẹnu. Ó fi àwo funfun bò ó, ó gbé kọ́ọ̀pù lé e, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé àlejò àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ló ni ín.

Àìsàn mi kò fi ariwo wọlé. Orí fífọ́ ni. Bí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa ṣe mí bíi pé ẹnì kan ń fi àtàǹpàkò ti ojú mi láti inú. Mo ní oorun ni kò tó mi. Lẹ́yìn náà ni ibà dé, kì í ṣe ibà ẹ̀fọn tó ń gbọn èèyàn jìgìjìgì. Eléyìí rọra ń gòkè ni. Láàárọ̀ ara mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa, lọ́sàn-án á gbóná, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ mi ò ní mọ ohun tí mò ń sọ mọ́. Mo ra oògùn ibà ní kẹ́místì, mo lò ó tán, kò mì ín. Fetí sí èyí dáadáa: ibà tó bá ń gòkè lójoojúmọ́ tí kò gbọ́ oògùn ibà, má ṣe bá a ṣeré. Lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.

Èmi kò lọ. Ọ̀gá mi ló fi ọ̀kadà gbé mi wálé nígbà tó rí i pé mò ń rán apá aṣọ mọ́ ọrùn.

Iyán ló kọ́kọ́ dẹ́rù ba àwọn ará ilé mi. Bàbá mi fúnra rẹ̀ gún un, iṣu tuntun, ó gbé e síwájú mi pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Mo yí ojú sí ògiri.

Ó ní, "Fúnmi, uyán ni mo ní kó o jẹ. Mi ò ní kó o lọ oko."

Ó fi ìdérí bò ó, òun náà kò sì lè jẹ ẹ́ mọ́. Ọmọ Èkìtì tí wọ́n gún iyán síwájú rẹ̀ tó kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹbí ṣe kóra jọ. Bàbá mi ní ibà jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni, ó lọ bó èèpo ọ̀gànwó, ó kó ewé dongoyárò mọ́ ọn, ó se àgbo. Àǹtí Rẹ̀mí, àbúrò bàbá mi tó ń ṣe ìjọ aláṣọ funfun, ní ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ayé nínú, ó gba ìgò kan lọ́wọ́ Màmá, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà sí i, ó sì ní kí n máa mu ún kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ìyá Ráfíù nìkan ló ń sọ pé, "Ẹ gbé ọmọ yìí lọ ulé ùwòsàn," wọ́n sì ń dá a lóhùn pé, ó dáa, bó bá di ọ̀la. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá rántí ọjọ́ wọ̀nyẹn, tí ojú gbogbo wọn pé lé mi lórí, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó máa gbà mí là, omi máa ń lé sí mi lójú. Mi ò rí irú ìpéjọ bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ.

Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti bu omi inú ìgò tí Àǹtí Rẹ̀mí gbé lọ gbàdúrà sí? Inú àmù aláwo funfun. Bí ọ̀fun mi bá gbẹ, Màmá á ké láti ilé ìdáná pé, "Ẹ má fún un lómi odò o! Ubà í bẹ lára rẹ̀. Omi ùjọba ni kẹ́ ẹ fún un." Òun fúnra rẹ̀ ló ń bù ú wá, pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn yẹn, á gbé orí mi sókè, á fún mi mu. Mo mu ún láàárọ̀, mo mu ún lọ́sàn-án. Mo rò pé kò sí ẹni tí wọ́n tọ́jú tó mi.

Lọ́jọ́ kan inú mi le gbagidi. Ìrora kan kọjá níbẹ̀ tí mi ò lè fi wé ohunkóhun, mi ò sì lè nà, mi ò lè ká. Bàbá mi ò tún jiyàn mọ́. Wọ́n gbé mi sínú bọ́ọ̀sì, ó di ilé ìwòsàn ńlá kan lápá ọ̀nà Ìdó.

Èrò ibẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n jókòó sí ilẹ̀, wọ́n fara ti ògiri. Ẹ gba káàdì, ẹ lọ jókòó. Wọ́n pe orúkọ yín, ẹ tún lọ jókòó níbòmíì. Màmá mi bá gbogbo ẹni tó wọ aṣọ funfun sọ̀rọ̀, àní títí kan ẹni tó ń nu ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá fọwọ́ kan inú mi lẹ́ẹ̀kan péré, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì ké pe ẹni tó ń ti ibùsùn. Nígbà tí dókítà dé, bàbá mi ló bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá, táífọ́ọ̀dù ni. Ó ti pẹ́ lára rẹ̀, ó sì ti dá ìfun rẹ̀ lu. Òní yìí la gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un."

Bàbá mi béèrè pé, "Ṣé á yè é?"

Dókítà ní, "Bí ẹ bá ti jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀." Kòkó tí bàbá mi ń sá lọ́wọ́ ni wọ́n ta kó tó gbẹ, torí ilé ìwòsàn kò lè dúró de oòrùn.

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Bí wọ́n ṣe ń tì mí lọ, aṣọ fìrídọ́ọ̀mù mi tó wà lórí hángà ní Ìkọ̀lé ni mò ń rò, pé mi ò tíì rán ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Mo jí sínú wọ́ọ̀dù tó kún. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé àìsàn kan náà ló ń ṣe wá, ìlú wa kò sì jìnnà síra wọn. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé mo fẹ́ràn láti máa rántí wọ́ọ̀dù yẹn. Ọyẹ́ ń fẹ́, fèrèsé kan kì í tì, àwọn ìyá á fi ìró di ojú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀kọ gbígbóná á bu sí i fún ẹni tí kò ní, Mùsùlùmí á ṣe àmín sí àdúrà Kìrìsìtẹ́nì. Títí, ọmọbìnrin tó wà níbùsùn tó tẹ̀ lé tèmi, tó ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, máa ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun rán aṣọ gígùn tó ń gbálẹ̀ bí mo bá dìde. Mo ní mo gbọ́. Mo ní kó sọ àwọ̀ tó fẹ́, ó sì ní kó máa dán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà bi Màmá pé, "Omi wo lẹ̀ ń mu nílé?"

Màmá gbé orí sókè. Ó fi ìgbéraga dáhùn, bó ṣe máa ń dáhùn ọ̀rọ̀ omi. "Omi ẹ̀rọ ni, dókítà. Omi ùjọba. Latùgbà tó ti dùbúlẹ̀, omi odò kan kò kan ètè rẹ̀."

Bàbá Títí, tó jókòó ti ọmọ rẹ̀, dìde, ó jáde. Awakọ̀ táńkà ni, èèyàn gíga tí kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tí Màmá àti bàbá mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà níbi tí àwọn ará ilé aláìsàn ti ń dáná, wọ́n bá a níbẹ̀ tó ń sunkún. Màmá ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, kò sì sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀yin òbí mi, èmi ni mo gbé omi yẹn. Odò tó wà nísàlẹ̀ afárá ni mo ti fà á. Wọ́n ní kí n rọ ọ́ sínú táǹkì yín, pé kí ó ṣáà ti yọ lọ́jọ́ tí àwọn àlejò bá dé. Wọn ò fi nǹkan kan sí i. Èmi náà ò sì bi wọ́n. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa kó ilé ìwé Títí wá kọrin níbẹ̀."

Ìwọ wò ó. Omi odò tí a ń sè, tí a ń fi álọ́ọ̀mù sí, tí a mọ bí a ṣe ń ṣọ́ra fún, òun náà ni wọ́n fa wá bá wa lójú ẹ̀rọ. Ká ní wọ́n sọ fún wa pé odò ni, kò sí ìyá kan nílùú wa tí kò ní sè é. Nítorí pé ìjọba ló gbé e wá la ṣe mu ún ní tútù.

Títí kò bá wa padà sílé.

Bí mo ṣe ń gbádùn díẹ̀díẹ̀, bàbá mi àti àwọn àgbà ìlú lọ bá àwọn tó gbé omi náà wá. Wọ́n jókòó pẹ́ kí ẹnì kan tó dá wọn lóhùn. Ọkùnrin alágbàdá yẹn kọ́ ló jáde, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ni, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Omi àyẹ̀wò nìyẹn o. Omi ìṣíde. Ta ló ní kẹ́ ẹ mu ún?"

Bàbá mi kò lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún Màmá, ẹlòmíì ló sọ fún un. Inú bí mi gan-an, mo ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n Màmá kò bínú sí wọn. Ó gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ta ló ní kẹ́ ẹ mu ún? Òun ló ní kí n mu ún. Ọwọ́ òun ló fi fún mi.

Nígbà tí mo délé, irun mi ti re, mo rù kan egungun, wọ́n sì ní kí n má tíì jẹ ohun líle. Àǹtí Rẹ̀mí ló wá fi ewé bo iyán wálé ní bòńkẹ́lẹ́, ó ní dókítà yẹn kì í ṣe ọmọ Èkìtì. Èéfín rẹ̀ nìkan mú mi sunkún. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì bá ara wọn jà. Jọ̀ọ́, ìwọ tó ń ka èyí, bí wọ́n bá ní ẹ̀kọ ni kó o mu, mu ẹ̀kọ. Iyán kò ní sá lọ. Kó o sì lo oògùn rẹ tán, kódà bí ara rẹ bá ti ń yá.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí ohun kan. Àlejò ń wá kí mi, Màmá kò sì bu omi fún wọn mọ́. Á jókòó, á ké sí ẹnì kan nínú ilé pé, "Ẹ bá mi bun àlejò lómi." Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni, á ṣe bíi pé kò rántí. Ó fọ́ àmù yẹn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ń se gbogbo omi, ó ń se omi òjò, ó máa ń se omi títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n kò tún gbé kọ́ọ̀pù omi fún ẹ̀dá alààyè kankan mọ́. Àní èmi. Bí mo bá tọrọ omi, á fi ojú júwe ibi tó wà fún mi.

Mo ṣe fìrídọ́ọ̀mù mi lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bàbá Títí wá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ẹ̀yin kọ́, Màmá. Àwa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bun mi lómi mu."

Màmá mọ ohun tó ń tọrọ. Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ùwọ lo wa ọkọ̀. Ẹni tó rán ẹ ńkọ́?" Ó sì ní kí n bu omi fún un. Èmi ni mo bù ú. Mo ti rán aṣọ kan tó ń dán, mo fà á lé e lọ́wọ́, ó sì fi bojú.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn. Ìjọba kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Bàbá mi kú láìrí ẹni tó dá a lóhùn. Fóònù alágbèéká wọ ìlú wa, ẹ̀rọ búlúù abẹ́ máńgòrò di ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Tó o bá ń béèrè ti ara mi, ara mi le. Àpá abẹ gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìdodo mi, ó máa ń yún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mò ń jẹ iyán mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ Èkìtì. Àwọn oníbàárà mi mọ̀ pé omi sísè ni mo ń fún èèyàn mu ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dìde, ìwọ náà á dìde.

Lọ́dún tó kọjá wọ́n tún pè wá síbi ìṣíde omi, kànga ẹ̀rọ ni lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n pa àtíbàbà síbi kan náà. Mo wá láti Ìkọ̀lé torí Màmá ní kí n wá. Wọ́n kọrin, wọ́n sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó ṣe olórí wọn na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Màmá sì dìde, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Ẹ kú uṣẹ́ o. Ẹ má bínú. Omi yìí, níbo lẹ ti pọn ọ́n?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. "Màmá, inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. A gbẹ́ ẹ ni."

"Èyí tùjọ́sí ńkọ́? Èyí tí ọmọ mi mu?"

Ẹ̀rín dá. Ìyá Ráfíù, tó ti darúgbó tó ti di Alhaja, gbé korobá rẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ẹlòmíì gbé tirẹ̀ kúrò. Láìpẹ́ kò sí korobá kankan níbẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin náà nu ojú. Ó ní, "Màmá, ẹgbẹ́ òṣèlú kejì ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Àwa kọ́."

Màmá ní, "Mi ò béèrè ẹgbẹ́. Ùjọba ni mo bi."

A dúró. Oòrùn ń pa wá, kò sí ẹni tó kúrò. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó jẹ́ olórí ètò omi láàárín wọn, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó kúrò lábẹ́ àtíbàbà, ó wá sínú oòrùn lọ́dọ̀ wa.

"Màmá, odò ni wọ́n ti pọn ọ́n. Wọn ò fi oògùn sí i, wọn ò sì sọ fún yín. Ìjọba ló ṣe é. Ẹ̀yin ò jẹ̀bi pé ẹ mu ún, ẹ ò sì jẹ̀bi pé ẹ fún ọmọ yín mu. Ẹ dárí jì wá."

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Màmá kàn mi orí sí i, ó kí i, ó sì ní ká máa lọ sílé.

Bí a ṣe wọlé, mo jókòó sórí àga ìta, ó rẹ̀ mí. Màmá gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé, mo sì gbọ́ tí ìdérí ìkòkò omi tó ti sè láàárọ̀ dún. Ó jáde wá pẹ̀lú kọ́ọ̀pù. Ó ti fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé. Ó tẹ orúnkún rẹ̀ tí kò le mọ́ yẹn díẹ̀, níwájú èmi ọmọ tó bí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi náà fún mi.

Ó ní, "Gbà, mu."

Mo gbà á, mo mu ún tán.